Ẹ̀wù Awọ Tó Wà Lára Ààrò

Orí Uulkan ti wọ ẹnu ààrò tán, èjìká rẹ̀ nìkan ló kù síta, nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun ti rí ẹni tó máa ra màlúù.

"Kí lo wí?" Inú ààrò lohùn rẹ̀ ti jáde wá.

"Mo ní mo ti rí ẹni tó máa ra màlúù, Màmá. Ará Kochkor ni. Mo fẹ́ lọ mú un wá báyìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti dé."

Uulkan fa orí rẹ̀ yọ. Eérú ti bo iwájú gèlè rẹ̀, imú rẹ̀ dúdú. Joldosh dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bọ́ bàtà. Ọmọ tí kò bá bọ́ bàtà nígbà tó wọlé ìyá rẹ̀ ní abúlé yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Kumush ìyàwó rẹ̀ ń tẹ́ àwọn báàgì ńlá tí wọ́n kó wá láti Bishkek, olú ìlú, sílẹ̀. Òfìfo ni gbogbo wọn.

"Màlúù mi lo fẹ́ tà."

"Màmá, àjà kẹrin là ń gbé. Ṣé màlúù á máa bá yín gun àtẹ̀gùn ni?"

"Ó ti gun òkè tó ga ju ilé yín lọ."

Kumush bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Joldosh kò rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Kalyk aládùúgbò ti pè é lórí fóònù pé òun bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilé, orí rẹ̀ wà nínú yìnyín, kò sì lè sọ̀rọ̀. Gáàsì èédú tó ń jò láti inú ààrò ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kì í hàn, kì í pariwo, ẹni tó bá sì ká mọ́ ojú oorun, ó ṣòro kó tó jí. Ọlọ́run ló ní kí màlúù ké láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ni Uulkan fẹ́ lọ fún lóúnjẹ tó fi wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Màlúù yìí kan náà ni wọ́n wá fẹ́ tà.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún pè mí ni?" Ohùn Joldosh ti yí padà. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá sin yín ni?"

Uulkan wo ojú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ló rí níbẹ̀, kì í ṣe ìbínú, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú ilé rẹ̀ náà ń ṣe é. Ilé tí òun ti bímọ, tí òun ti ṣọ̀fọ̀, tí òun mọ gbogbo pákó rẹ̀ nínú òkùnkùn, ta ni yóò tì í pa kó máa lọ?

"Fún mi di ìrọ̀lẹ́," ó wí. "Bí o bá dé tí ààrò yìí ṣì ń jò, èmi fúnra mi ni màá fa màlúù náà lé ọkọ̀, màá sì jókòó tì í."

"Ẹ ti sọ ọ́ o."

"Mo ti sọ ọ́. Bọ́ sóde, o ń jẹ́ kí òtútù wọlé."

Ààrò tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé kiri. Bíríkì àti amọ̀ ni, ó dúró láàárín ilé, ó kọ ẹnu sí ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń kó èédú sí, irin pẹrẹsẹ wà lórí rẹ̀ tí ìkòkò ń jókòó lé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ògiri tí inú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, tí èéfín máa ń rìn yíká nínú rẹ̀ kó tó bá òrùlé jáde. Ògiri yìí ló ń mú yàrá lọ́wọ́ọ́wọ́ dàárọ̀. Ọkọ Uulkan ló mọ ọ́n. Òun náà ló mọ gbogbo ààrò abúlé yẹn, láti ilé tó wà lókè odò títí dé ilé ìmáàmù, àfi ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo ààrò onírin báyìí. Ó ti kú. Ta ni wọ́n fẹ́ pè wá tún ààrò ṣe? Uulkan nìkan ló kù, ẹni tó ń po amọ̀ fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Kí wọ́n tó bímọ, "Ẹ gbọ́ ná" ló ń pè é. Nígbà tí wọ́n bímọ, ó di Bàbá Joldosh. Ó kú tán, Bàbá Joldosh náà ni.

Ní yàrá, lára ògiri tó ń gbóná yẹn, ni ẹ̀wù awọ àgùntàn rẹ̀ kọ́ sí lórí ìṣó, bó ṣe fi í sílẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀wù náà, ibì kan wà tó jinnú díẹ̀ lára amọ̀. Ẹ̀yìn Bàbá Joldosh ló gbẹ́ ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó síbẹ̀, á fi ẹ̀yìn tó ń ro ó ti ògiri, á máa mu tíì, títí amọ̀ fi gba bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó mú, Uulkan máa ń rẹ́ ààrò, á sì fi ẹfun kùn ún funfun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, á yí ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní kàn án. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀wù, á fi ojú sínú rẹ̀, á fa òórùn rẹ̀ símú. Òórùn Bàbá Joldosh ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo aṣọ yòókù ti gbàgbé rẹ̀, èyí nìkan ni kò gbàgbé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kí ni wọ́n fẹ́ ṣe ju kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ?

Ọkọ̀ Joldosh kò tíì dún lọ tán tí Kalyk fi wọlé pẹ̀lú garawa kan. Òun àti Bàbá Joldosh ni wọ́n jọ dàgbà, nítorí náà ó gbà pé òun ní ẹ̀tọ́ láti máa fi Uulkan ṣe ẹlẹ́yà títí wọ́n á fi kú.

"Ìyàwó wa! Mo gbé lọ́fínńdà wá fún ọ."

Ìgbẹ́ ẹṣin ló kún garawa náà dẹ́nu.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ síta," Uulkan dá a lóhùn, "kí ẹ sì fi ẹnu yín tì í níbẹ̀."

"Mo gba ẹ̀mí rẹ là, èébú ni mo gbà."

"Màlúù ló gbà mí là. Ẹ̀yin, ẹ wá yá iyọ̀ ni láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Kalyk rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó sì fi kan ara ààrò, kó, kó, kó, ó dẹ etí. "Beyshen ọkọ rẹ ì bá wà láyé, báyìí ló máa ṣe, á sì sọ ibi tó ti ń jò. Ọkùnrin yẹn! Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bíríkì."

"Ẹ̀yin náà kí lẹ gbọ́?"

"Ó ní òun ń fẹ́ tíì."

Uulkan kó koríko, ó wọ́n omi sí i kó lè ṣe èéfín dáadáa, ó kì í sínú ààrò, ó ṣáná sí i. Lẹ́yìn náà ó ti irin tó ń dí ọ̀nà òrùlé wọlé pátápátá. Bí èéfín kò bá rí òkè gbà, ibi tó bá sán ni yóò gbà jáde. Bí Bàbá Joldosh ṣe máa ń wádìí ààrò àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ààrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àṣírí ara rẹ̀. Èéfín tínínrín yọ ní etí ìlẹ̀kùn irin, ó yọ lábẹ́ irin pẹrẹsẹ, ó yọ níbi tí ògiri ti pàdé àjà. Uulkan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹyọ èédú kan lọ́wọ́, ó ń sàmì sí ibi gbogbo tó bá rí. Kumush sá jáde pẹ̀lú omijé lójú. Kalyk náà sá jáde, ó ní ẹṣin òun ń pe òun.

Nígbà tí Uulkan dé yàrá, èéfín ti kún ibẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè mọ ibi tó ti wá. Ó wo ẹ̀wù awọ. Ó wo ilẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ìdáná ni èéfín yìí ti fẹ́ wọlé, ó sì pa dà lọ ṣí fèrèsé.

Wọ́n po amọ̀ ní àgbàlá, nínú ọpọ́n onírin tí wọ́n ti fi po amọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Uulkan da amọ̀ etí odò sí i, ó da yanrìn, ìgbẹ́ ẹṣin, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, àti irun àgùntàn tó ti fi àlùmọ́gàjí gé wẹ́wẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ dùn ún, ó tún gbé e jáde. Ara rẹ̀ kò tíì padà sípò láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ," ó sọ fún Kumush.

"Èmi?"

"Kalyk ni mo ń bá wí ni?"

Kumush wo amọ̀ náà, ó wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kùn ní pupa, ó mí kanlẹ̀, ó sì bọ́ sí i. Ó pariwo nítorí òtútù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Bishkek, orí ìjókòó ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ó sì jọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Màmá," ó wí, kò gbójú sókè. "Ẹ máa rò pé èmi ni mo ní kí wọ́n wá kó yín."

"Ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi kọ́. Yàrá wa, tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì báyìí, mo ti kan ògiri. Ibo ni màá ní kí ẹ máa sùn? Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti pè é, kì í sùn mọ́. Á kàn jókòó, á máa wo fóònù. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí."

Uulkan bu amọ̀ díẹ̀, ó ká a róbótó, ó gbé e dé èjìká, ó sì jẹ́ kó bọ́. Amọ̀ náà balẹ̀, ó tẹ́ lọ pẹrẹsẹ. "Omi ti pọ̀ jù," ó wí, ó tún da amọ̀ gbígbẹ sí i.

Ọdún tí wọ́n mọ ààrò náà, oyún Joldosh wà nínú Uulkan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òdòdó ti kún ẹ̀bá odò, òun ni ó ń tẹ amọ̀ nínú ọpọ́n yìí kan náà. Bàbá Joldosh bẹ̀ ẹ́ kó jáde, ó ní kò ní jáde. Ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́, kò jáde síbẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá amọ̀ tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó fi í lé bíríkì àkọ́kọ́, ó ní kí ààrò lè mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ti ilé onílé dé pẹ̀lú amọ̀ ní irun, ní ìpéǹpéjú, lábẹ́ èékánná. Uulkan á pariwo lé e lórí pé kó lọ wẹ̀ kó tó jókòó sídìí oúnjẹ, òun náà á fi ìka amọ̀ kan án nímú, á sì sá.

Amọ̀ kejì balẹ̀, kò tẹ́, kò sì fọ́. "Ó ti tó," Uulkan wí.

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Uulkan ń fi ìka kì amọ̀ sí etí ìlẹ̀kùn irin, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń fi àkísà tútù nù ún kó lè dán. Ó gbé irin pẹrẹsẹ kúrò, ó tẹ́ amọ̀ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Kumush gun àpótí, ó dí ti òkè àjà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fa irin òrùlé padà sẹ́yìn, wọ́n dáná, iná kékeré ná, kí amọ̀ má baà sán, wọ́n sì dúró títí èéfín fi ń fà lọ sókè dáadáa. Uulkan wá ṣáná sí ẹ̀ka archa kan, igi olóòórùn orí òkè tí gbogbo ilé níbẹ̀ ń fi èéfín rẹ̀ lé ibi jáde. Ó rọra ń gbé èéfín náà lọ sí etí ibi gbogbo tó ti sàmì sí. Ibi tó bá ṣì sán, yóò fa èéfín archa mọ́ra. Níbi ìlẹ̀kùn, èéfín dúró ṣánṣán. Níbi irin, ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ wò ó!" Kumush wí, ó pàtẹ́wọ́.

Kalyk, tí ẹṣin rẹ̀ ti tú u sílẹ̀ bó ṣe gbóòórùn boorsok, àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín, jókòó sídìí tíì, ó bu ọ̀rá wàrà lé boorsok mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti mọ̀ látàárọ̀ pé yóò dára. Inú Uulkan dùn. Ó dùn débi pé ó ti ń ro bí yóò ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tí Joldosh bá dé, bí yóò ṣe dákẹ́ tí yóò kàn nawọ́ sí ààrò. Kalyk jẹun yó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ojú àfonífojì ló ti máa ń wá, á já lu òrùlé, á sì fẹ́ ti èéfín padà sínú ilé. Uulkan dẹ etí. Ó wo ìlẹ̀kùn irin, ó wo orí ààrò. Kò sí nǹkan kan tó yọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Màmá," Kumush pè é láti yàrá. "Ẹ̀wù yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀wù wo?"

Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì rí i. Kumush ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ní kó ṣe, ó ti ká ìborùn, ó ti ká aṣọ ìbora, ó sì ti mú ẹ̀wù awọ kúrò lórí ìṣó. Ó tẹ́ ẹ sí itan rẹ̀.

"Gbé e padà!" Uulkan kò mọ̀ pé òun lè pariwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ta ní ní kí o fọwọ́ kàn án? Ta ní rán ọ níṣẹ́? Gbé e padà síbi tó wà!"

Kumush dìde fìrì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na ẹ̀wù náà síwájú, ṣùgbọ́n kò gbé e kọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo inú rẹ̀."

"Mo mọ inú rẹ̀."

"Iṣẹ́ mi nìyí, inú aṣọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́." Ó fi ìka nu irun àgùntàn tó wà nínú ẹ̀wù náà, ní àárín ẹ̀yìn, ó sì gbé ìka náà sókè. Ó dúdú kirikiri. "Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí àtijọ́. Tuntun ni."

Uulkan wo ìka náà. Ó wo ògiri. Ibi tó jinnú náà wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí kò ti rí i báyìí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, bí ẹ̀yìn ọkùnrin, láti èjìká dé ìbàdí. Ó ti di àwọ̀ eérú, níbi tí gbogbo ògiri tó kù funfun. Ìlà kan gba àárín rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tínínrín, a-wò-má-kà-á-sí.

Ó mú ẹ̀ka archa wá. Èéfín náà dúró díẹ̀, ó tẹ̀, ó sì wọ inú ìlà náà lọ. Afẹ́fẹ́ já lu òrùlé, èéfín mìíràn sì jáde padà láti inú ìlà náà, dúdú, ó fẹ́ sí i lójú. Ó tún wọlé. Ó tún jáde. Ògiri ń mí.

Òórùn náà nìyẹn. Òórùn tó ti ń fi imú wá kiri nínú ẹ̀wù láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń dúpẹ́ pé kò tíì lọ, èéfín èédú ni. Kì í ṣe Bàbá Joldosh. Ààrò ló ń jò sínú ẹ̀wù lójoojúmọ́. Orí tó ń fọ́ ọ láàárọ̀, tó rò pé ọ̀fọ̀ ni, tó rò pé ọjọ́ orí ni, ibẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀. Ibi tó ń rìn lọ fún ìtùnú gan-an ló ti ń mu ikú díẹ̀díẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Ẹ gbọ́ ná," ó sọ fún ògiri, bó ṣe máa ń pè é kí wọ́n tó bímọ. "Ẹ̀ bá kúkú pè mí pé kí n máa bọ̀, dípò kí ẹ máa yọ́ mi pa."

Kumush kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, Màmá."

"Kí lo ṣe? Ìwọ kọ́ lo sán." Ó fi etí gèlè nu ojú. Ohùn rẹ̀ ti balẹ̀. "Mo ń kùn ún lọ́dọọdún. Tí mo bá dé ibẹ̀, màá yà. Màá yà fún un. Èmi tí mo mọ̀ pé ibi tí a kò bá rẹ́ ni yóò sán."

"Ṣé kí n bá yín dí i?"

"Kò ṣe é dí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tútù ò ní di ti gbígbẹ mú. Àfi kí a kọ́kọ́ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò dé ara bíríkì."

Àwọn méjèèjì wo ògiri náà. Kumush lóye ohun tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kúrò, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Mú omi wá," Uulkan wí. "Mú òòlù rẹ̀ kékeré wá, ó wà lábẹ́ bẹ́ńṣì."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó jinnú náà lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbóná. Ó ní, "Bísímílláì," ó sì lù ú. Èyí àkọ́kọ́ kò wọlé. Ìkejì, amọ̀ fọ́, ó já bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò dúró mọ́. Ó ń gbẹ́ ẹ, eruku ń bò ó, omijé ń gba inú eruku kọjá, kò sì nù ún. Nígbà tó kan bíríkì, ó rí i pé ẹyọ kan ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ihò tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì rẹ̀ gba ìka kan. Ó fọ̀ ọ́, ó da omi sí i, ó ti bíríkì náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì amọ̀. Ó kì í títí kò fi gba mọ́. Ó rẹ́ ẹ, ó fi gbogbo apá rẹ̀ méjèèjì tẹ́ ẹ, dé ìgbọ̀nwọ́. Kumush ń po, ó ń gbé wá.

Nígbà tí wọ́n tún gbé èéfín archa síbẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Afẹ́fẹ́ já lu òrùlé. Èéfín náà kò mì.

Kumush mú ẹ̀wù awọ jáde, ó sá a sórí okùn ní àgbàlá kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ. Uulkan wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ń dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́ sí i. Ó rẹ̀ ẹ́, ìyẹn nìkan ni.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ méjì lẹ́nu ọgbà, ti Joldosh àti ti olówò màlúù. Joldosh wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bàtà kejì wà lẹ́sẹ̀.

"Ta ló wá síbí?"

"Kalyk nìkan," Kumush dáhùn. "Ó ti lọ tipẹ́."

"Rárá." Ó fa imú. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ojú ọmọ kékeré tí Uulkan ti gbàgbé pé òun bí. "Màmá, kí lẹ ṣe? Bàbá mi… òórùn Bàbá mi ló kún ilé yìí. Àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé."

Uulkan wo ọwọ́ rẹ̀. Amọ̀ ti gbẹ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wà ní irun apá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú. Amọ̀ tútù ni, pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹṣin, pẹ̀lú bíríkì tó gbóná. Òórùn tó máa ń pariwo lé e lórí ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pé kó lọ wẹ̀. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó ti jẹ́ kí èéfín gba ipò rẹ̀, ó sì ń kí èéfín lójoojúmọ́.

Olówò màlúù fun fèrè ọkọ̀ lóde. Joldosh kò yíjú. Ó bọ́ bàtà kejì, ó wọ yàrá, ó rí amọ̀ tuntun lára ògiri. Ó gba ẹ̀ka archa lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé èéfín náà yí gbogbo ààrò ká, ó rọra ṣe é, kò fo ibì kankan, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i tí bàbá rẹ̀ ń ṣe nígbà èwe rẹ̀. Èéfín náà dúró ṣánṣán níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà Joldosh rọra bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó sídìí ògiri.

"Má tíì fẹ̀yìn tì í," Uulkan wí. "Kò tíì gbẹ."

Joldosh nàró. Fèrè ọkọ̀ tún dún.

"Màá ní kó máa lọ," ó wí. "A máa sùn síbí lónìí. Ká wo bí orí yín ṣe máa rí láàárọ̀."

Ó jáde. Kumush gbé kẹ́tùlù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti abọ́ wá, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó jẹun, ó sì dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá fọwọ́."

Uulkan ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn.

"Tó bá yá," ó wí. "Kọ́kọ́ bu tíì ná."